Mo ní MS, mo ń ṣe eré ìdárayá: ohun tó ṣe fún ọpọlọ mi àti ohun tí kò ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni àrùn MS (multiple sclerosis) ń bá jà. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ni. Ẹnìkan á ti sọ̀rọ̀ tán, èmi á ṣì máa tú gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Kò ṣàjèjì: àwọn ọmọ ogun ara ló ń jẹ myelin, ìyẹn ọ̀rá tó bo okùn ìmọ̀lára inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Bí okùn bá ti wà níhòòhò, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán á máa falẹ̀ lójú ọ̀nà. Nǹkan bí ìdajì àwa tó ní àrùn yìí ni ìrònú wa ń yí padà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, mo ní kí wọ́n wọn ọpọlọ mi. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní SDMT, tó ń wọn bí ọpọlọ ṣe yára tó, ni wọ́n fún mi: àmì mẹ́sàn-án lókè ìwé, nọ́ńbà 1 sí 9 lábẹ́ wọn, kí o sì máa pe nọ́ńbà tó bá àmì kọ̀ọ̀kan mu fún ìṣẹ́jú àáyá 90. Ọmọdé á fi ṣeré, àmọ́ ó máa ń tú ìfalẹ̀ ọpọlọ tí MS ń fà fó. Bí máàkì ò bá yí padà tó nǹkan bí 4, àwọn onímọ̀ kì í sábà kà á sí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lo ẹ̀dà mìíràn nígbà tí mo bá padà wá, kó má lọ jẹ́ pé ojú mi ti mọ ìwé ni mo ṣe yege.

Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Kánádà ní 2013 la tẹ̀ lé, èmi àti ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà: eré tó ń mú ọkàn lù kánkán fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti ti agbára iṣan, ẹ̀ẹ̀mejì bákan náà. Torí pé mo máa ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan ni mo mú. Bí mo bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí n kò lè kọrin, mo mọ̀ pé eré náà tó.

Ooru ni olórí ọ̀tá. Ní 1890, dókítà ojú kan ní Jámánì, Wilhelm Uhthoff, rí i pé ojú àwọn aláìsàn rẹ̀ ń ṣú bí wọ́n bá ti lo agbára. Ooru ara ló ń dí okùn tó wà níhòòhò lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsinmi ni wọ́n ń sọ fún àwọn tó ní MS. Èmi náà rí i lórí kẹ̀kẹ́: lẹ́tà á di bàìbàì, ọ̀rọ̀ á sì sá. Mo wá ń mu omi tútù kí n tó gùn ún, mo ń fi táwẹ́lì tútù sọ́rùn, mo sì ń tan fáànù sójú ara mi. Bí ara bá ti tutù, gbogbo rẹ̀ á padà sípò. Kì í ṣe ọgbẹ́ tuntun. Èyí tó bá kọjá wákàtí 24, dókítà ni mo máa pè. Mi ò sì jẹ́ ṣe iṣẹ́ tó gba ìrònú ní kété tí mo bá sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ètò parí, máàkì mi gòkè díẹ̀, àmọ́ kò tó 4. Inú mi ò bàjẹ́, torí mo ti ka ìwádìí CogEx tí wọ́n gbé jáde ní 2023. Èèyàn 311 tí MS wọn ń burú sí i díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 ṣe é fún. Àpapọ̀ eré ìdárayá àti ìdánrawò ọpọlọ lórí kọ̀ǹpútà kò ta yọ lórí SDMT. Ẹni tó bá ń ta eré ìdárayá fún ọ bí oògùn ọpọlọ, àsọdùn ló ń sọ.

Síbẹ̀, mi ò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo ń sùn dáadáa, àárẹ̀ ọ̀sán ti dín kù, ọpọlọ tó sinmi sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ju èyí tó rẹ̀ lọ, bí ìyára rẹ̀ ò tilẹ̀ yí padà. Ìpàdé àti ìwé tó le, òwúrọ̀ ni mò ń fi wọ́n sí. Kẹ̀kẹ́ di ìrọ̀lẹ́.