Bí A Ṣe Lè Fi Owó Kékeré Ṣe Ẹ̀rọ Alágbèéká Tí Ń Ya Kòrónà Oòrùn

Kòrónà oòrùn, ìyẹn afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yí oòrùn ká, gbóná ju mílíọ̀nù 1 dígírì lọ, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìmọ́lẹ̀ ojú oòrùn lọ, débi pé ojú ọ̀run ọ̀sán gan-an máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Bernard Lyot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe awò tí ó fi àwo kékeré dí ojú oòrùn nínú rẹ̀, orí òkè Pic du Midi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara ni ó sì ti lò ó. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó dúró de ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn pátápátá, irú èyí tí yóò wáyé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027, tí yóò ju ìṣẹ́jú 6 lọ nítòsí Luxor ní Íjíbítì, nítorí òṣùpá yóò ṣe iṣẹ́ àwo yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá kámẹ́rà àlòkù tí ẹ lè fọwọ́ ara yín yí gbogbo ètò rẹ̀, lẹ́ńsì 400 mìlímítà, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í mì, polarizer fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ (ohun tí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ń mì sí ìhà kan ṣoṣo kọjá), fíltà oòrùn àti páálí.

Polarizer ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú kòrónà ń tú ká máa ń mì sí ìhà kan ju ìhà yòókù lọ, ti eruku òfuurufú kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ ká páálí méjì róbótó: kí ọ̀kan fún mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, kí èkejì máa yí lórí rẹ̀, kí ẹ sì lẹ polarizer mọ́ ẹnu èyí tí ń yí. Igun mẹ́ta ni ẹ ó yí i sí: 0, 60 àti 120 dígírì. Láti mọ 0, ẹ gba inú polarizer wo ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà lójú omi tí ó dúró jẹ́ẹ́. Ibi tí ó bá ti ṣókùnkùn jù ni kí ẹ sàmì sí, kí ẹ wá wọn 60 àti 120 láti ibẹ̀. Ẹ gé àmì kọ̀ọ̀kan wọnú páálí kí ìka lè mọ̀ ọ́n, nítorí ilẹ̀ yóò ṣú.

Fíltà oòrùn, tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú 100,000 ìmọ́lẹ̀ lọ kọjá, ni yóò ṣíwájú gbogbo wọn, kì í ṣe ibi tí ojú ń wò. Ìgbà tí oòrùn bá ti bò tán nìkan ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì dá a padà kí ó tó yọjú. Ẹ̀yìn ojú kì í ro ẹni nígbà tí oòrùn bá ń jó o, ó sì lè má sàn mọ́.

Pẹ̀lú fíltà, ẹ wo etí oòrùn títí yóò fi hàn kedere, kí ẹ fi téèpù de lẹ́ńsì pa síbẹ̀. Bí òkùnkùn bá ṣú, ní ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) àti f/8 (bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ẹ ya àwòrán 1/1000, 1/125 àti 1/8 ìṣẹ́jú àáyá ní igun kọ̀ọ̀kan, nítorí ìtòsí oòrùn mọ́lẹ̀ ju òde lọ fíìfíì. Ẹ má kọjá 1/8, nítorí ayé ń yí, àwòrán yóò sì fà. Òṣùpá tí ó kún, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti kòrónà, ni kí ẹ fi dánra wò, kí ẹ máa yí páálí láìwò ó títí kámẹ́rà kò fi ní mì mọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ to àwòrán igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àkókò wọn dọ́gba léra, ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sì mú ìdá méjì nínú mẹ́ta àròpọ̀ náà: gbogbo ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni yóò fi ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù hàn. Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ yìí ń mì sí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé etí oòrùn yíká. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àmì igun ara páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ tún wọ̀n.