Bí Òbí Ṣe Lè Múra Ọmọ Sílẹ̀ fún Ìdánwò BECE
Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní JSS3 ní Abẹ́òkúta, kí ẹ tó ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ ní ọjà Kútọ̀, ẹ bi olùkọ́ léèrè bóyá BECE (ìdánwò àṣejáde JSS3) ti ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọmọ náà yóò ṣe tàbí ti NECO (àjọ ìdánwò ìjọba àpapọ̀), èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ń ṣe.

Ìwé náà kì í ṣe ohun àhásórí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn ìbéèrè ọdún kan láìsí ìrànlọ́wọ́, kí ẹ máa wo aago, lẹ́yìn náà kí ẹ bá a yẹ gbogbo èyí tó ṣì wò: ṣé kò mọ iṣẹ́ náà ni, àbí ìkánjú ló ṣe é? Ọmọ tí ìṣirò ìdá (fractions) kò yé nílò olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí «NOT» nínú ìbéèrè kò nílò ju kí ó máa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, owó lẹ́sìnnì kò wo irú àìsàn yẹn.

Ẹ tún fún un ní pẹ́ńsù HB kí ó fi kọ́ bí a ṣe ń kun àyè ìdáhùn lórí ìwé ìdáhùn. Bí ó bá fo ìbéèrè kan, kí ó fo ìlà rẹ̀ lórí ìwé ìdáhùn pẹ̀lú.