Ohun tójú mi rí lẹ́yìn tí mo ta gẹdú bàbá mi

₦650,000 ni mo ta igi tíìkì bàbá mi. ₦710,000 ni mo ti ná báyìí kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Mo tún owó yẹn kà láàárọ̀ yìí, inú tún bí mi, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà ṣe ẹlòmíì.

Éékà kan ààbọ̀ ni oko náà, lẹ́yìn Òró, lọ́nà Ọ̀mù-Àrán. Àdéhùn èmi àti onígẹdú ni pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa gé e, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni lọ́rì sì máa gbà. Ẹnu lásán la fi sọ ọ́ o, a ò kọ ọ́ sínú ìwé. Oṣù kẹsàn-án ló kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá, àárín òjò gan-an, èmi wà n'Ílọrin, kí n tó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì lọ́rì ti rìn ká gbogbo oko, ojú táyà jìn dé orúnkún mi, omi ti kún inú ẹ̀. Mo pè é, ohun tó sọ ò ju "Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀ kì í kú" lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Èmi náà wá ṣe tèmi kún un. Ẹ̀ka tí wọ́n fi sílẹ̀, mo ní kí àwọn lébìrà kó o jọ ní òkìtì òkìtì, a dáná sun ún ní oṣù kejì, ó jó mọ́jú. Nígbà tójò dé, kùkùté tíìkì tó wà níbi tí lọ́rì ò dé yọ èéhù, kí òjò tó dáwọ́ dúró ó ti ga jù mí lọ. Lójú ọ̀nà lọ́rì, èéhù ò kọjá orúnkún, omi kàn ń dúró síbẹ̀ ni. Ibi tí òkìtì wà ló burú jù, ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bí àpáàdì, mo da omi sí i, omi ń yí kiri lórí ẹ̀ bó ṣe ń ṣe lórí ewé kókò. Kò sí ìmí ekòló kan.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fọ́rẹ́sìrì ló bá mi wò ó. Wọ́n fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ láàárín kùkùté, ó wọlé dé ìgúnpá, wọ́n gún ojú ọ̀nà lọ́rì, ìka kan ni. Wọ́n ní ihò wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ tí atẹ́gùn àti omi ń gbà ni lọ́rì tẹ̀ pa, tí ilẹ̀ bá sì tutù ló máa ń tẹ̀ jù, àti pé ìrìn àkọ́kọ́ méjì mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bíbàjẹ́ yẹn. Ìdí tí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo fi dáa nìyẹn. Ti iná, wọ́n ní tí ooru bá ti tó 200 lórí ìwọ̀n Celsius, náítírójìn, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn tó wà nínú ewé àti ilẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá èéfín lọ, eérú tó kù ní kálísíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù tí ohun ọ̀gbìn náà ń lò lóòótọ́, àmọ́ òjò àkọ́kọ́ lè gbá a lọ.

Ṣùgbọ́n wọn ò bá iná wí. Wọ́n ní ní Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn fọ́rẹ́sìrì pín ilẹ̀ kan lọ́dún 1929, wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun apá kan ní ìparí ẹ̀, wọn ò jẹ́ kí iná dé apá kẹta. Èyí tí iná ò dé di igbó, èyí tí wọ́n ń sun nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ tán di koríko tí igi ò pọ̀ níbẹ̀. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn la wá tẹ̀ lé: a ro ọ̀nà yí oko ká, a ha ìdí kùkùté, a sun koríko mi ní oṣù kọkànlá nígbà tí ìdí ẹ̀ ṣì tutù. Wákàtí kan, ó tán. Mo ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kò gbóná rárá. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Tírákítọ̀ ló wá fẹ́ pa mí. Ẹ̀gbọ́n ní irin gígùn tó ń la ilẹ̀ nísàlẹ̀ ni kí n wá, kó sì kọjá nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ dáadáa, torí ilẹ̀ gbígbẹ ló máa ń fọ́, èyí tó tutù á kàn là ni. Mo rí ọkùnrin kan, ó gba ₦60,000 sílẹ̀. Ó ní Tọ́sìdeè. Tọ́sìdeè kọjá. Ó ní ẹ̀rọ ń ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ kejì ó ní òun wà ní Sàárẹ́. Oṣù kìíní ó dé lóòótọ́, mo ti fi lébìrà mẹ́ta dúró láti òwúrọ̀, ló bá gbé díìsìkì wá, díìsìkì tó jẹ́ pé òkè ilẹ̀ nìkan ló ń yí! Mo ní kó gbé e padà, ó ní òun á mú irin gígùn bọ̀ lọ́túnla, àtìgbà yẹn ni kò ti gbé fóònù mi mọ́, mo lọ ilé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀nà yẹn nìkan jẹ epo. Bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹta, àkókò lọ, owó lọ.

Díígà la padà fi gbẹ́ ẹ, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò lójú ọ̀nà lọ́rì, a da ewé àti ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo gbin òtìlì lé e torí gbòǹgbò ẹ̀ ń wọlẹ̀. Owó lébìrà yẹn lé ní ₦400,000.

Tó bá jẹ́ òní ni, màá kọ àdéhùn, màá sì di ìdajì owó mú... rárá, owó ni mo gbà, tiwọn ni màá ní kí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́ mi títí lọ́rì á fi jáde. Ẹ̀ka tí mo sun yẹn, ojú ọ̀nà lọ́rì ni ǹ bá tẹ́ ẹ sí kí táyà máa gùn ún.

Ọ̀pá irin ti ń wọlé dé ọrùn ọwọ́ báyìí lójú ọ̀nà lọ́rì, mo rí ìmí ekòló lábẹ́ òtìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú òkìtì méjì ṣì pupa. Mo ti kó ìgbẹ́ adìyẹ sí i lẹ́ẹ̀mejì, òjò tó ń bọ̀ ni mo ń retí.