Bẹ́ẹ ṣe lè fi bátìrì lo AC mọ́jú nínú bọ́ọ̀sì yín láì tan jẹ́ẹ̀nì

Ooru oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ní Àbújá níbí, ẹni tó bá ti sun inú ọkọ̀ rí ló mọ̀ ọ́n. Oòrùn á ti wọ̀ tipẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ á ti lù, síbẹ̀ irin òrùlé ọkọ̀ á ṣì máa tú ooru lé yín lórí bí ààrò. Bọ́ọ̀sì Hiace olórùlé gíga lèmi tún ṣe, mo kan bẹ́ẹ̀dì sí i, òun lèmi àtìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjì ń gbé lọ sí òṣoòrò omi Gúrárà, òun la gbé lọ sí ọgbà ẹranko Yankari náà. Ní Wikki nínú Yankari ẹ ò lè ṣí fèrèsé sùn, tórí ẹ̀fọn, tórí àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ náà, odidi búrẹ́dì ni wọ́n gbé lọ lójú wa kòrókòró. Kò sí iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èmi ò sì ní tan jẹ́ẹ̀nì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn ọmọ mi ń sùn láéláé, èéfín yẹn máa ń pa odidi ìdílé mọ́jú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ kọ́kọ́ gbọ́ rèé: kẹ́ẹ tó ra bátìrì, ẹ dí ọ̀nà tí ooru ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré ra bátìrì kejì nígbà tó jẹ́ pé fóòmù ló yẹ kí wọ́n rà. Ẹ tú síìlíǹgì inú ọkọ̀ yín, ẹ lẹ fóòmù mọ́ irin òrùlé àtara ilẹ̀kùn, kẹ́ẹ wá fi páláńkù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, gíláàsì iwájú àti tẹ̀gbẹ́ ẹ wá nǹkan tó ń dán bíi fàdákà bò wọ́n tẹ́ẹ bá ti páàkì. Kí n tó ṣe é, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ AC mi kì í sinmi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn tí mo ṣe é, kò tó wákàtí kan tó fi máa ń rọlẹ̀.

AC yẹn fúnra ẹ̀, oní-ínfátà ni kẹ́ẹ rà, hp 1 ti tó fún bọ́ọ̀sì. Èyí tí kì í ṣe oní-ínfátà, bó bá fẹ́ dìde ó máa ń fa iná lọ́nà mélòó kan ju èyí tó ń lò lọ, á kàn máa gbé ínfátà yín (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) ṣubú ni. AC orí òrùlé tí wọ́n ń fi sí tírélà, tó ń lo 12V tàbí 24V tààrà, òun náà dáa, ṣùgbọ́n ó máa gba àyè sólà lórí òrùlé, ìdí tí mo fi gbé ẹ̀yìn AC tèmi sí ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Yúníìtì tẹ́ẹ ń rà sí mítà ilé, òun náà la máa fi ka bátìrì. AC hp 1 máa jẹ bíi 900W ní ìbẹ̀rẹ̀, tí inú ọkọ̀ bá ti tutù á bọ́ sí bíi 400W. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, bíi yúníìtì 4 nìyẹn. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 48V 100Ah jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 5, tẹ́ẹ bá yọ díẹ̀ tí kò yẹ kẹ́ẹ lò tán àti èyí tí ínfátà fúnra ẹ̀ máa jẹ, ó ku bíi 4. Ó ṣe wẹ́kú, kò ṣẹ́kù. Bátìrì túbúlà, èyí tí wọ́n ń bu omi sí, náà lè gbé e, ṣùgbọ́n ìdajì agbára ẹ̀ lẹ lè lò kó tó máa bàjẹ́, mẹ́rin ẹ̀ á sì ju 200kg lọ, ó tún ń tú gáàsì tó lè gbiná, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn tì.

Wáyà wá ni ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilé mi nù. 12V ni mo kọ́kọ́ lò. AC tó ń jẹ 1,000W, lórí 12V ámpù 83 ló máa gba inú wáyà kọjá, lórí 48V ámpù 21 péré ni, bí ámpù bá sì ṣe pọ̀ tó ni wáyà ṣe máa ń gbóná tó. Rẹ́wáyà tó bá mi ṣe é, wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ló fà láti bátìrì. A wà ní Gúrárà, aago mọ́kànlá alẹ́ ti ń lọ, ìyàwó mi fọwọ́ tọ́ mi, ó ní “Dádì, kí ló ń jó?” Mo tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara wáyà yẹn ti rọ̀ bí ẹ̀bà gbígbóná, ó ti lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo fà á ó gbé irun kápẹ́ẹ̀tì dání. Kò sí fíúsì kankan níbẹ̀. Ká ní oorun ti gbé wa lọ ńkọ́? Ní báyìí 48V ni mo ń lò, wáyà 25mm², kò gùn ju mítà kan lọ, fíúsì 100A sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti rẹ́wáyà yín, ẹ fojú ara yín rí fíúsì yẹn kẹ́ẹ tó sanwó.

Sólà: panẹ́ẹ̀lì 550W méjì. Oòrùn wákàtí márùn-ún tó le dáadáa yẹ kó mú yúníìtì 5 àtààbọ̀ wá, ṣùgbọ́n ooru fúnra ẹ̀ máa ń dín agbára panẹ́ẹ̀lì kù, eruku náà ń gbà ńbẹ̀, nítorí náà ẹ ka bíi 4. Ìgbà òjò ńkọ́, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Èmi gbé ọ̀kan sórí òrùlé, mo fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, ìkejì mo ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú wáyà mítà mẹ́wàá, kí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lè wà lábẹ́ igi. Tí ọyẹ́ bá mú, láràárọ̀ ni kẹ́ẹ máa fi aṣọ tútù nu eruku kúrò. Ẹ tún lè fi ẹ̀rọ tó ń gbé iná ẹ́ńjìnnì láti 12V lọ sí 48V sí i, ìrìn wákàtí mélòó kan á ti kún bátìrì díẹ̀ kẹ́ẹ tó débẹ̀. Ẹ gbé bátìrì jìnnà sí ẹ́ńjìnnì o, lítíọ́ọ̀mù kò fẹ́ kí wọ́n máa cháàjì òun tí ooru bá ti ju 45°C lọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí AC ń kàn lára ló dáa jù.

Ibi tẹ́ẹ máa sùn, kó jẹ́ ibi tó ní géètì àti ọlọ́dẹ, ẹ má páàkì sínú igbó lásán, ẹ mọ bí ìlú ṣe rí.

Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ṣì wà, ẹ tan AC nígbà yẹn, iná sólà ló máa jẹ jù, díẹ̀ ló máa fà nínú bátìrì, mátírẹ́ẹ̀sì àti ara ògiri á ti tutù kẹ́ẹ tó wọlé sùn. 26°C ni kẹ́ẹ fi sí, kẹ́ẹ tan fáànù kékeré kan mọ́ ọn. Èmi máa ń jí bí aago méjì òru wo bátìrì, tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 40%, màá gbé AC lọ sí 28, àwọn ọmọ kì í tilẹ̀ mọ̀.