Bí a ṣe ń po òògùn apakòkòrò oníyẹ̀fun fún ọmọdé

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Àwọn òbí á gbé ọmọ padà wá pé òògùn tí a fún un kò ràn án. Bí mo bá ní kí n rí ìgò òògùn náà, lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló jẹ̀bi, kì í ṣe òògùn. Amoxicillin ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ẹ tó ṣí ìgò, ẹ rántí dáadáa: ǹjẹ́ ara ọmọ yìí ti kọ penicillin rí? Ọmọ ìyá kan náà ni ampicillin, cloxacillin, co-amoxiclav àti amoxicillin; ìdílé penicillin ni gbogbo wọn. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá kọ ọ̀kan, ẹ má fún un ní èkejì láìsọ fún dókítà. Bó bá sì jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán ló ń ṣe é, ẹ fi òògùn yìí sílẹ̀. Ògiri ara bakitéríà ni amoxicillin máa ń wó. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Omi gbígbóná máa ń ba òògùn yìí jẹ́. Alẹ́ ni èmi ti máa ń se tèmi, tí màá dé e mọ́lẹ̀ di àárọ̀. Ẹ wá fi ìdí ìgò gbá àtẹ́lẹwọ́ títí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ á fi tú. Bó bá ti dì gbagidi kí omi tó kàn án, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ó wá ku omi bíbù. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. 100 ml tí wọ́n kọ sára ìgò kì í ṣe iye omi tí ẹ máa bù sí i o! Iye tí omi àti ìyẹ̀fun á jẹ́ lápapọ̀ nìyẹn, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ dín sí i. Lébẹ́ẹ̀lì á sọ iye omi náà, tàbí kó fi ìlà hàn yín. Ẹ kọ́kọ́ bu ìdajì, ẹ dé ìgò, ẹ mì í títí kò fi ní sí ìyẹ̀fun ní ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ bu ìyókù, kí ẹ tún mì í.

Bí ẹ bá ń tẹ̀lé ìlà, ẹ dúró kí ìfófòó rọlẹ̀ ná. Ẹni tó bá rí ìfófòó lórí ìlà tó sì dáwọ́ dúró, omi rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ gbé ìgò sórí tábìlì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá ìlà náà dọ́gba. Ẹ má wò ó láti òkè. Síríńjì 20 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ ni mo fi ń wọn omi, mo sì máa ń kà á sókè ketekete.

Ẹ wo ìdí tí mo fi ń pariwo. Bí 5 ml bá yẹ kó ní 125 mg nínú, 2,500 mg ni gbogbo òògùn tó wà nínú ìgò 100 ml. Bí omi bá sọ ọ́ di 120 ml, nǹkan bí 104 mg péré ni ọmọ ń mu. Bó bá jẹ́ 80 ml, ó ti lé ní 156 mg. Ìyá kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí òògùn bá ti ń lọ sílẹ̀ ló ń fi omi kún un dé ìlà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, omi aládùn ni ọmọ ń mu.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sára ìgò. Omi máa ń wó òògùn yìí díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á ní gbígbẹ. Amoxicillin kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 14. Co-amoxiclav, ọjọ́ 7 nínú fíríìjì ni mo mọ̀. Bí iye tí lébẹ́ẹ̀lì sọ bá kéré sí èyí, ti lébẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ ṣe. Ẹ má jẹ́ kó dì sí yìnyín.

Nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ mì í. Ṣíbí ìdáná kò dọ́gba. Síríńjì kékeré ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ á jókòó, ẹ ó rọra tú u sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ má di imú rẹ̀. Ẹ má sì dà á sínú ìgò wàrà rẹ̀, torí bí kò bá mu ún tán, ta ló mọ iye tó wọlé?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ túmọ̀ sí wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ: aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 10 alẹ́. Bó bá bì í kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, ẹ tún un fún un lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ má fún un ní ìlọ́po méjì láti fi dí i.

Ìgbẹ́ rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Èyí kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ojú rẹ̀ bá wú, tàbí bí èémí rẹ̀ bá ń há, ẹ dá òògùn dúró, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.