Bí mo ṣe ń ṣọ́ protéènì inú ìtọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ba asẹ́ inú kíndìnrín jẹ́ láìdunni, protéènì tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ á wá máa jò sínú ìtọ̀. Kí ẹsẹ̀ tó wú, ó ti pẹ́ tó ti ń jò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi strip tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú àwọ̀ tó ń yí bí ìtọ̀ bá kàn án, yẹ ìtọ̀ mi wò.

Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni mo ń lò. Mo máa ń jẹ́ kí díẹ̀ lọ ná, kí n tó gba ti àárín sínú ike mímọ́ tó gbẹ. Mo á ti strip bọ̀ ọ́ kí gbogbo ojú àwọ̀ rẹ̀ rin, mo á yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo á sì fi etí rẹ̀ nu ẹnu ike kí omi ojú kan má baà ṣàn dé òmíràn. Ó di 60 ìṣẹ́jú-àáyá kí n tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ara ìgò rẹ̀. Bó bá pọ́n bí ìyeyè, kò sí protéènì. Bó bá ṣe ń dà bí ewé tó, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ tó. Lára àmì tó wà lára ìgò, 1+ jẹ́ nǹkan bíi 30 mg/dL, 2+ jẹ́ 100, 3+ jẹ́ 300. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó kà á, àwọ̀ náà á ṣì máa yí. Ẹ tètè dé ìgò pa, ọ̀rinrin ló ń ba strip jẹ́.

Ibà, eré ìdárayá tó le, nǹkan oṣù àti àkóràn inú àpò ìtọ̀ lè mú kó yí àwọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tán ná.

Strip kì í rí ìwọ̀n kékeré. ACR ní láàbù ni mo gbọ́kàn lé jù, ìyẹn àyẹ̀wò ìtọ̀ tó ń fi albumin, irú protéènì kan, wé creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń yọ jáde. Bí kò bá tó 30 mg/g, ó dáa; 30 sí 300, kíndìnrín ti ń ráhùn; ó ju 300 lọ, ó ti le. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, ó kéré tán kí méjì nínú mẹ́ta jọra.

Losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún mi, ń dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti jíjò náà kù, àmọ́ aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo tún lọ yẹ potassium (èròjà iyọ̀ kan) àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀ mi wò. Bí creatinine bá fi ohun tí kò ju ìdá 30 nínú 100 lọ sókè, dókítà kì í sábà dá oògùn dúró. Iyọ̀ mi lójúmọ́ kò ju ṣíbí tíì kan, tòun ti èyí tó wà nínú máàgì. Ibuprofen àti diclofenac, àwọn oògùn ìrora, ni mo kọ́kọ́ kó kúrò nílé, torí wọ́n ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín kù.