Bí mo ṣe ń fi èèpo ẹ̀gẹ́, èèrí ògì àti eérú sin adìẹ lẹ́yìnkùlé

Owó fíìdì ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí adìẹ sísìn báyìí, bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ló ń da èèrí ògì sí gọ́tà láràárọ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i. Adìẹ 15 ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé wa, pàǹtí ilé sì ń bá mi gbé ẹrù yẹn dáadáa, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Èyí tí ò gbẹ, àìsàn lẹ fi ń bọ́ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún adìẹ, ọ̀kan fún ààtàn. Oúnjẹ tí iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, èèpo àti kóró píà, ẹ̀wà tútù, gbogbo ẹ̀, ààtàn ni. Ohunkóhun tó bá ti bu náà ńkọ́, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fún òròmọdìẹ ní àgbàdo tó bu díẹ̀ rí, mo ní ṣebí oòrùn ti pa á, mẹ́rin ló kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Èèpo ẹ̀gẹ́ wá ni baba gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ gàrí tó bá sún mọ́ yín, ẹ kí àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa kó o lọ torí ńṣe ló ń rà sí wọn lọ́rùn. Ẹ má gbé e fún adìẹ ní tútù o! Ẹ̀gẹ́ ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì, inú èèpo ló sì pọ̀ sí jù. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì lọ́jọ́ tóòrùn mú, ẹ máa yí i lójú oòrùn, tó bá di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ kó o wọlé kí ìrì má baà sẹ̀ sí i, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ: tó bá dún bí ìpékeré, ó ti gbẹ, tó bá ń tẹ̀ bí awọ, ẹ dá a padà sóòrùn. Ẹ wá gún un tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́. Àwọn ilé ìwádìí ohun ọ̀sìn àti iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ILRI àti IITA n'Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí èèpo yìí gan-an, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi ẹ̀ dànù bíi gàrí, wọ́n á wá kù ú kí wọ́n tó sá a, ọ̀nà yẹn máa ń tètè gbẹ jù.

Kóńgò kan èèpo sí kóńgò márùn-ún fíìdì ni mo ń pò. Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára ló wà nínú ẹ̀gẹ́, pùrótéènì ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Èèrí ògì ò ní wàhálà rárá. Ẹ fún un gbẹ dáadáa, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà, èyí tó bá kù, ẹ sá a.

Fún pùrótéènì, ikán! Ẹ wá ìkòkò tó ti fọ́ létí, ẹ ki pòròpóró àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú ẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ da ojú ẹ̀ dé ibi tí ikán ń gbà kọjá. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e tọ àwọn òròmọdìẹ lọ. Wọ́n ń ṣe é dé orílẹ̀-èdè Tógò àti Benin.

Èèpo ẹyin wà fún àwọn tó ń yé nìkan, kò dáa fún òròmọdìẹ. Àbókí tó ń din ẹyin ládùúgbò wa ló ń kó tiẹ̀ jọ fún mi. Ẹ sè é, ẹ sá a, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná débi tí wọn ò fi ní mọ̀ pé ẹyin ni, tórí tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, tara wọn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Eérú ìdáná, ẹ dà á pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sínú táyà àtijọ́, wọ́n á máa yí gbiri nínú ẹ̀, yọ̀rọ̀ ara wọn á dín kù. Èérún pákó ọ̀dọ̀ káfíńtà ni kẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ ilé wọn. Tó bá ti ń rùn, ẹ kó o jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ ara ẹ̀, ẹ kó o jọ síbì kan, ẹ máa wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ sì máa yí i. Ó máa tó oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kó o sídìí ẹ̀fọ́. Tẹ́ ẹ bá kó o síbẹ̀ ní tútù, ńṣe ló máa jó ewéko náà, tẹ̀tẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ rọ.